Ṣọ́ọ̀ṣì Inú Ọkà Báálì

Òjò kọ̀yìn sí Wickenholt lọ́dún náà.
Odindi oṣù méjì, ojú ọ̀run ò tutọ́ sílẹ̀.
Ni ọkà báálì Amos Thirkettle bá tú àṣírí:
ibi tí ilẹ̀ ti jìn, ó ṣú, ó tutù yọ̀yọ̀;
ibi tí ògiri sùn sí lábẹ́ rẹ̀, ó kúrú, ó pọ́n rúsúrúsú.

Orí àkàbà àká ló wà tó fi rí i.
Ó sọ̀ kalẹ̀, ó nujú, ó tún gùn ún.
Ṣọ́ọ̀ṣì ni.
Ṣọ́ọ̀ṣì tó kú kí baba ńlá baba rẹ̀ tó dáyé
ló nà gbalaja láàárín oko,
tó kọrí sí ìlà oòrùn bí ẹni tí ń retí àlejò.

Hester Gathercole gbé okùn àti èèkàn dé.
Olùkọ́ ni tẹ́lẹ̀; kò lè rí nǹkan kó má wọ̀n ọ́n.
Gígùn: ẹsẹ̀ bàtà méjìdínláàádọ́rin.
Ìbú: ogún, ó lé díẹ̀.
Ilé agogo rí roboto bí ìdí ìkòkò.
"Òkúta ìbọn nìkan ni wọ́n rí ṣà nínú oko," ó ní,
"òkúta ìbọn ò sì ní igun.
Ẹni tí ò ní òkúta oníigun, kó mọ roboto."
Ó tọ́ka: "Ibí lẹnu ọ̀nà. Ibí lọpọ́n ìrìbọmi.
Amos, orí pẹpẹ lo dúró sí yẹn."
Amos ṣí fìlà. Ó tún dé e. Oòrùn ń jó orí.

Ta ló kọ́ ọ? Kò sẹ́ni tó fọwọ́ síwèé.
Ewé ìwé ìnáwó mẹ́rin ló ṣẹ́ kù:
a san pẹ́nì méjì fún Thurstan, owó ẹfun;
a ra irun màlúù tí a pò mọ́ ọn;
a ra ọtí fún àwọn tó gbé igi àjà gòkè;
a sanwó fún Wymark, opó, tó fi esùsú bo òrùlé,
nítorí ọkọ rẹ̀ jábọ́ kó tó parí rẹ̀.
Lẹ́yìn ìyẹn, ọwọ́ akọ̀wé yí padà.
Lẹ́yìn ìyẹn, ìwé dákẹ́.
Àjàkálẹ̀ ti wọ̀lú.
Ogójì ilé di mọ́kànlá.

Ìwọ wo ẹrù tí ogójì gbé sórí
tí mọ́kànlá wá ń rù.
Apá àríwá ló kọ́kọ́ jìn, wọ́n fi amọ̀ dí i pa.
Wọ́n dí fèrèsé kan. Wọ́n dí òmíràn.
Ilé ń sún kì bí arúgbó nínú aṣọ ìgbà èwe rẹ̀,
títí Ọjọ́ Ìsinmi kan fi dé tí àlùfáà wàásù
fún obìnrin méjì àti ajá ọ̀kan nínú wọn.
Wọ́n ta òjé ojú fèrèsé.
Wọ́n ta agogo fún Aldermere;
bí afẹ́fẹ́ bá ti ìwọ̀ oòrùn wá, a ṣì ń gbọ́ ọ
tó ń pe àwọn ẹlòmíì.

Òkúta ò kú, ó ṣí lọ ni.
Ó wà nídìí afárá. Ó wà lára ilé ẹlẹ́dẹ̀.
Nínú ọpọ́n ìrìbọmi ni màlúù Amos ti ń mumi.
Lókè ààrò ilé ìdáná rẹ̀,
ojú gbígbẹ́ kan wà níbẹ̀ tó yọ ahọ́n síta,
àwàdà agbẹ́kùúta kan tí orúkọ rẹ̀ ti parẹ́.
Ìyá Amos a máa sá ìbọ̀sẹ̀ tútù sí i létí.
Àwọn ọmọ ń pè é ní Ọ̀gbẹ́ni Jabez.
Hester dúró níwájú rẹ̀ títí tíì ọwọ́ rẹ̀ fi tutù.

Oṣù kẹjọ, ẹ̀rọ ìkórè wọ oko.
Ilé agogo kọ́kọ́ ṣubú, lẹ́yìn náà ẹnu ọ̀nà,
lẹ́yìn náà ibi tí Wymark ti gun àkàbà.
Eruku bo ojú ọ̀run.
Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ pẹpẹ, Amos yíwọ́,
ó gba ẹ̀gbẹ́ kọjá,
ó fi abala ọkà kékeré kan sílẹ̀ lóòró.
Hester bi í. "Òkúta," ló ní,
"òkúta ló máa ń ba abẹ ẹ̀rọ jẹ́."
Kò wò ó lójú.